Kí Ló Gbé Àsíá Írẹ́lándì Dé Pápá Bọ́ọ̀lù Glasgow?

Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Glasgow, tí òun àti ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà láti Ìbàdàn, ló kọ̀wé sí wa. Ó ní ọkọ òun ti ń ṣe ti Rangers, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ńlá méjì ní Glasgow, láti ìgbà tí Joe Aribo àti Leon Balogun ti wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnìkan níbi iṣẹ́ ọkọ náà gbọ́ pé Àgùdà ni wọ́n, ó sì bi í léèrè ohun tí Àgùdà ń wá lẹ́yìn Rangers. Ìbéèrè rẹ̀ nìyí: “Wọ́n sọ fún wa pé ìkórìíra tí àwọn ará Skọ́tlándì ní sí àwọn tó ṣí wá láti Írẹ́lándì ló bí Celtic, ẹgbẹ́ ńlá kejì, àti pé òun ló fà á tí àsíá Írẹ́lándì fi ń fẹ́ lórí pápá wọn títí di òní. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́, àbí àsọdùn àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ni?”

Ẹ ṣeun, arábìnrin wa. Òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n sọ fún yín, ṣùgbọ́n kò pé. Ìkórìíra náà wà, ó pọ̀, ó sì pẹ́. Kò sẹ́ni tó ka àkọsílẹ̀ ìgbà náà tí yóò jiyàn rẹ̀. Àmọ́ ká ní ìkórìíra nìkan ló ń sọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù di àmì ẹ̀yà, àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ Írẹ́lándì dá sílẹ̀ ní ìlú mẹ́ta ní Skọ́tlándì ì bá jọra lónìí. Wọn kò jọra rárá. Ọ̀kan ṣì gbé àsíá Írẹ́lándì sókè, ọ̀kan kò pa àwọ̀ ewé rẹ̀ tì ṣùgbọ́n kò fi ìran ṣe ìlànà mọ́, ẹ̀kẹta ti pa orúkọ dà, ó ti pa àwọ̀ dà, ọ̀pọ̀ ọmọdé tó ń kígbe lẹ́yìn rẹ̀ kò sì mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Níbi tí ọ̀nà wọn ti yà ni kí a ti wá ìdáhùn ìbéèrè yín.

Ní ọdún 1845, àrùn kan kọlu ọ̀dùnkún òyìnbó, èyí tí àwọn ọlọ́jà wa ń pè ní Àírìṣì, káàkiri ilẹ̀ Írẹ́lándì. Oúnjẹ tálákà ni. Ọ̀pọ̀ ìdílé lábúlé kò ní òmíràn tí wọ́n gbójú lé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Kí ìyàn náà tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1852, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ti kú, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan sì ti fi ìlú sílẹ̀. Abẹ́ ìjọba Bìrìtéènì ni Írẹ́lándì wà nígbà náà, oúnjẹ sì ń ti èbúté rẹ̀ jáde lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ebi ń pa àwọn tó ro oko rẹ̀, ohun tí àwọn ọmọ wọn kò gbàgbé. Ẹni tó rí owó ọkọ̀ san gba Amẹ́ríkà lọ. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ kọjá odò òkun kékeré tó wà láàárín lọ sí Liverpool tàbí Glasgow. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 1851, àwọn tí wọ́n bí sí Írẹ́lándì tó ń gbé Skọ́tlándì ti lé ní 200,000, ìyẹn nǹkan bí ènìyàn 7 nínú 100. Ní Glasgow fúnra rẹ̀, ó tó 18 nínú 100.

Àwọn tó gbà wọ́n lálejò kò fi ọ̀yàyà gbà wọ́n. Àwọn tó ni kùsà èédú ní Lanarkshire máa ń kó àwọn ará Írẹ́lándì wọlé nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn bá daṣẹ́ sílẹ̀, owó tí wọ́n sì ń san fún wọn kéré. Ọmọ Skọ́tlándì tó ń wa kùsà kò bá agbanisíṣẹ́ bínú tó bí ó ti ń bá àjèjì tó gba iṣẹ́ rẹ̀ bínú. Nígbà tí ibà burúkú jà ní àwọn ilé tí wọ́n há mọ́ ní 1847, orúkọ Írẹ́lándì ni àwọn ènìyàn fi pè é, bí ẹni pé inú ẹrù ni wọ́n ti gbé e wá. Òfin tó wà fún ìtọ́jú àwọn aláìní, èyí tí wọ́n ṣe ní 1845, sì là á kalẹ̀ pé ẹni tí kò tíì gbé àdúgbò kan fún ọdún márùn-ún kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀. Bí ebi bá sún irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé ọ́fíìsì wọn, wọ́n lè dá a padà sínú ọkọ̀ ojú omi, kí ó padà síbi tí ìyàn ti lé e.

Lórí gbogbo èyí ni ọ̀rọ̀ ìsìn wá dúró. Láti 1560 ni Skọ́tlándì ti kọ ìjọ Àgùdà sílẹ̀, tí ó sì ti fi ìsìn Pùròtẹ́sítáǹtì ṣe ara ohun tó ń pe ara rẹ̀. Ohun kan wà tí àwọn asọ̀tàn kì í sábà mẹ́nu kàn: kì í ṣe Àgùdà ni gbogbo àwọn tó ṣí wá láti Írẹ́lándì. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì pọ̀ nínú wọn, pàápàá àwọn tó wá láti Ulster ní àríwá, wọ́n sì gbé ẹgbẹ́ Orange wọn, ẹgbẹ́ Pùròtẹ́sítáǹtì tó ń tako ìjọ Àgùdà, dání wá. Àwọn wọ̀nyí tètè rí ibi fìdí lé ju àwọn yòókù lọ. Nítorí náà, apá kan nínú ìjà tí ẹ ń rí ní Glasgow jẹ́ ìjà tí àwọn ará Írẹ́lándì méjì kó wọ ìlú kan náà, tí ìlú náà sì wá yan ẹni tí yóò gbè.

Ní ti bọ́ọ̀lù, Edinburgh ni a ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní àdúgbò Cowgate, tí wọ́n máa ń pè ní Írẹ́lándì Kékeré, Fadá Edward Hannan ti ìjọ St Patrick ní ẹgbẹ́ kan fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Àgùdà, kí wọ́n lè rí nǹkan ṣe yàtọ̀ sí ọtí. Inú ẹgbẹ́ yìí ni òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Michael Whelahan ti dá Hibernian sílẹ̀ ní 1875. Nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ wọ àjọ bọ́ọ̀lù, èsì tí wọ́n gbà ni pé àwọn ọmọ Skọ́tlándì ni àjọ náà wà fún. Bí ẹ bá ń wá ibi tí ìkórìíra ti kan bọ́ọ̀lù lójúkojú, ó wà níbẹ̀. Hearts, ẹgbẹ́ mìíràn ní ìlú náà, kò kọ ìyẹn sí. Ó bá wọn gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún náà, ó sì na wọ́n ní 1 sí òdo. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn ṣí fún wọn. Ó yẹ kí n fi kún un pé Hibernian náà ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ tó tì: ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ wọ̀nyẹn, ẹni tí kì í ṣe Àgùdà tó ń lọ sí ìsìn déédéé kò lè gbá bọ́ọ̀lù fún wọn.

Ní 1887, Hibernian na Dumbarton 2 sí 1, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ Skọ́tlándì. Àwọn Àgùdà ìlà-oòrùn Glasgow ṣe wọ́n lálejò ní gbọ̀ngàn ìjọ St Mary, inú wọn dùn, ojú wọn sì là: bí àwọn tó wà ní Edinburgh bá lè ṣe èyí, kí ló dé tí àwọn tó pọ̀ jù wọ́n lọ ní Glasgow kò fi lè ṣe é? Ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún yẹn, nínú gbọ̀ngàn ìjọ kan náà, wọ́n dá Celtic sílẹ̀. Ẹni tó ṣáájú wọn ni Brother Walfrid, olùkọ́ àgbà kan tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Andrew Kerins, tí wọ́n bí ní Ballymote ní Sligo ní 1840. Ọmọdé ni nígbà ìyàn.

Ibi yìí ni mo ti máa ń rò pé àwọn asọ̀tàn ń yára jù. Wọ́n á ní wọ́n fìyà jẹ àwọn ará Írẹ́lándì, wọ́n sì fi ìbínú dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Bí a bá ka ìwé tí àwọn olùdásílẹ̀ fi tọrọ owó ní oṣù kìíní 1888, ohun tí a ó bá níbẹ̀ ni oúnjẹ ọmọdé. Wọ́n ní ìdí pàtàkì tí ẹgbẹ́ náà fi wà ni láti wá owó fún tábìlì oúnjẹ àwọn ọmọ aláìní ní ìjọ mẹ́ta: St Mary, Sacred Heart àti St Michael. Walfrid ti ń bọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ tipẹ́ kí ó tó ronú bọ́ọ̀lù. Pẹ́nì kan ni ọmọ fi ń ra oúnjẹ ọ̀sán, bí ìyá rẹ̀ bá sì fún un ní búrẹ́dì mú dání láti ilé, ààbọ̀ pẹ́nì ni yóò fi gba abọ́ ọbẹ̀ ńlá kan. Kì í ṣe àánú nìkan ló mú wọn ṣe é. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì náà ń pín oúnjẹ fún tálákà, àwọn àlùfáà Àgùdà sì ń bẹ̀rù pé ẹni tó bá ń bọ́ ọmọ lónìí ni yóò kọ́ ọ ní àdúrà lọ́la. Ìkórìíra wà nínú ìtàn náà, nítorí òun ló ti àwọn òbí wọn sídìí iṣẹ́ tó kéré jù, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ebi àti ìjọ ló dúró sí.

Ẹ wo ìdíje àkọ́kọ́ tí Celtic gbá, ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún 1888. Rangers ni wọ́n bá gbá a, wọ́n na Rangers 5 sí 2, nígbà tí ilẹ̀ sì ṣú, àwọn agbábọ́ọ̀lù méjèèjì jọ jókòó jẹun nínú gbọ̀ngàn St Mary, wọ́n sì jọ gbádùn orin. Ẹni tó bá ń rò pé ọ̀tá ni àwọn méjèèjì láti ilé ọlẹ̀, kí ó ro ti oúnjẹ alẹ́ yẹn wò. Ẹni tí Celtic kọ́kọ́ ṣe níkà gan-an ni Hibernian, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù wọn, tí Hibernian fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ ní 1891. Mo sì mọ àgbàlagbà ní Edinburgh tí kò tíì dárí rẹ̀ jì wọ́n.

Àmì Írẹ́lándì kò pẹ́ kó tó hàn lára Celtic. Ní 1892, Michael Davitt, tó ti ṣẹ̀wọ̀n nítorí ọ̀rọ̀ òmìnira àti ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ Írẹ́lándì, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin koríko àkọ́kọ́ sí pápá tuntun wọn, koríko tí wọ́n gbé wá láti Donegal pẹ̀lú ewé shamrock lórí rẹ̀. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, àwọn tó ní owó nínú ẹgbẹ́ sọ ọ́ di ilé-iṣẹ́ tó ń pín èrè, owó tó ń lọ sí tábìlì oúnjẹ sì rọlẹ̀. Oúnjẹ lọ, àmì kù. Ó sì hàn sí àwọn oníṣòwò kíákíá pé àmì ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó sọ àmì náà di ọ̀rọ̀ ìjà ni àwọn ọdún tó yí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ká. Ọ̀rọ̀ bóyá kí Írẹ́lándì máa ṣe ìjọba ara rẹ̀ gbóná ní 1912. Wọ́n gbé ìjà òmìnira dìde ní Dublin ní 1916. Írẹ́lándì sì pín sí méjì lẹ́yìn náà. Ní 1912 kan náà, ilé-iṣẹ́ akanọkọ̀ Harland and Wolff ti Belfast wá ṣí ẹ̀ka sí Govan, àdúgbò tí pápá Rangers wà. Ọ̀pọ̀ onítàn gbà pé àwọn òṣìṣẹ́ Pùròtẹ́sítáǹtì tó bá a wá wà lára ohun tó fún Rangers ní àwọ̀ tó ní lẹ́yìn náà. Láti 1872 ni Rangers ti wà, kò sì sí ẹ̀rí pé nítorí ìsìn ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n láti àkókò ogun yẹn, òfin kan tí a kò kọ sílẹ̀ wà níbẹ̀, pé wọn kì í gba agbábọ́ọ̀lù Àgùdà.

Àwọn aṣáájú ìlú kò sì pa iná náà. Ní 1923, ìgbìmọ̀ kan nínú ìjọ Skọ́tlándì, ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì tó tóbi jù ní ilẹ̀ náà, gbé ìwé kan wá síwájú àpéjọ àgbà ìjọ, tí àkọlé rẹ̀ sọ pé ewu ni ìran Írẹ́lándì jẹ́ fún orílẹ̀-èdè Skọ́tlándì. Wọ́n fẹ́ kí ìjọba dí ọ̀nà mọ́ wọn, kí ó sì lé àwọn tó bá wà lẹ́wọ̀n tàbí tó ń gba ìrànlọ́wọ́ padà sílé. Ìwé kan náà sọ pé àwọn kò ní ẹjọ́ kankan pẹ̀lú àwọn Orange tó wá láti Írẹ́lándì, nítorí ìran àti ìsìn kan náà ni àwọn jọ jẹ́. Mo ka gbólóhùn yẹn sí ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rí tó ṣe kedere jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: ẹni méjì wá láti erékùṣù kan náà, ọ̀kan jẹ́ ará ilé, èkejì jẹ́ ewu. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní 1923, àwọn tó ń ṣí wá láti Írẹ́lándì ti dín kù gan-an. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ tí wọ́n bí sí Skọ́tlándì ni ìwé náà ń bá jà ní ti gidi. Ọdún 2002 ni ìjọ náà tó kẹ́dùn ní gbangba lórí ohun tó sọ.

Ní ibi iṣẹ́, àwọ̀ ara kò lè fi wọ́n hàn, nítorí náà ohun mìíràn ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Òfin ẹ̀kọ́ 1918 kó ilé-ìwé Àgùdà sábẹ́ owó ìjọba láìgba ìsìn wọn lọ́wọ́ wọn, èyí tó ran àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ gidigidi; ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ kó rọrùn fún agbanisíṣẹ́ láti béèrè pé, “Ilé-ìwé wo lo lọ?” Orúkọ ẹni mímọ́ lára ilé-ìwé ń ṣe iṣẹ́ tí ilà ojú ń ṣe láàárín àwọn baba wa. Ẹni tí wọ́n kọ̀ ní iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé lè lọ sí pápá Celtic lọ́jọ́ Sátidé, kí ó rí àwọn bíi tirẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kí ó sì rí i pé níbẹ̀ ó ṣeé ṣe láti borí. Ní ibi yìí ni ìkórìíra àti bọ́ọ̀lù ti dè mọ́ ara wọn.

Kí ẹ lè rí i pé kò pọn dandan kó rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a yà sí Dundee. Ní 1851, ìwọ̀n àwọn tí wọ́n bí sí Írẹ́lándì ní ìlú yẹn ga ju ti Glasgow lọ díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ àti àpò ló fà wọ́n wá, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n dá Dundee Hibernian sílẹ̀ ní 1909, wọ́n wọ àwọ̀ ewé. Ní 1923, ọdún kan náà tí ìwé ìjọ yẹn jáde, owó ti tán lápò ẹgbẹ́, wọ́n pa orúkọ dà sí Dundee United, wọ́n sì bọ́ àwọ̀ ewé sílẹ̀ kí gbogbo ará ìlú lè máa wá wòran. Kò sí ẹni tó dá ogun sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì Ulster kò pọ̀ ní Dundee bíi ti Glasgow, kò sì sí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ńlá kan tó ń fi jíjẹ́ alátakò wọn ṣe iṣẹ́. Hibernian ti Edinburgh pàápàá, nígbà tí wọ́n tún un dá sílẹ̀ ní 1893, mú òfin Àgùdà nìkan yẹn kúrò. Ní àwọn ọdún 1950, dùùrù olókùn Írẹ́lándì tó wà lára ògiri pápá wọn kúrò níbẹ̀, kó tó tún padà sára àmì ẹgbẹ́ náà nígbà tó yá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú omi Leith àti ilé olódi Edinburgh. Ìyẹn ni mo ṣe sọ pé ìkórìíra nìkan kò tó. Ó nílò èrò púpọ̀, ọjà iṣẹ́ tó le, àti alátakò tó ń jèrè nínú kí ìyàtọ̀ máa wà.

Ọ̀rọ̀ èrè yẹn, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ní 1909, Celtic àti Rangers gbá ọ̀mì lẹ́ẹ̀mejì nínú àṣekágbá ife ẹ̀yẹ, àwọn òǹwòran sì fura pé nítorí owó tíkẹ́ẹ̀tì ni. Àwọn alátìlẹ́yìn méjèèjì pawọ́ pọ̀ dáná sun ibi ìgbowó ní pápá Hampden. Ní 1952, àjọ bọ́ọ̀lù Skọ́tlándì pàṣẹ pé kí Celtic sọ àsíá Írẹ́lándì kalẹ̀, wọ́n sì halẹ̀ mọ́ ọn pé àwọn yóò dá a dúró. Celtic kọ̀ jálẹ̀. Rangers ló bá wọn dìbò! Àsíá náà dúró, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ẹ lè pe ìyẹn ní ọ̀làwọ́. Èmi rò pé Rangers mọ iye tí pápá tó kún ń pa wọlé fún un.

Celtic kò fi ìsìn dí ọ̀nà mọ́ agbábọ́ọ̀lù bíi ti Rangers. Pùròtẹ́sítáǹtì ni Jock Stein, ẹni tó kó wọn lọ sí Lisbon ní 1967, tí wọ́n fi na Inter Milan 2 sí 1, tí wọ́n sì di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní Bìrìtéènì tó gba ife ẹ̀yẹ Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti fi ṣẹlẹ́yà rí lè fi ẹlòmíràn ṣẹlẹ́yà: ní oṣù kìíní 1988, nígbà tí Mark Walters, ọmọ adúláwọ̀, kọ́kọ́ wọ aṣọ Rangers lọ sí pápá Celtic, àwọn kan nínú àwọn alátìlẹ́yìn Celtic ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ lù ú. Kò yẹ kí ẹni tó ń sọ ìtàn ìyà àwọn ọmọ Írẹ́lándì fo ìyẹn dá, pàápàá tí a bá ń bá ọmọ Yorùbá sọ̀rọ̀.

Ní ti òde òní, ìyàsọ́tọ̀ níbi iṣẹ́ ti rọlẹ̀ púpọ̀, àwọn Àgùdà sì wà ní gbogbo ipò ní Skọ́tlándì. Orí pápá ni ìyókù rẹ̀ ti ń hàn jù. Aiden McGeady, agbábọ́ọ̀lù Celtic tí wọ́n bí sí Skọ́tlándì, yàn láti gbá bọ́ọ̀lù fún Írẹ́lándì, wọ́n sì máa ń hó lé e lórí nígbà náà láti pápá dé pápá nítorí rẹ̀. Neil Lennon, Àgùdà láti Lurgan tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Celtic, fi ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Àríwá Írẹ́lándì sílẹ̀ ní 2002 lẹ́yìn tí wọ́n halẹ̀ ikú mọ́ ọn. Nígbà tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá Celtic, wọ́n fi ohun tó jọ bọ́ǹbù ránṣẹ́ sí i ní 2011, wọ́n sì rán àwọn méjì tó ṣe é lọ sẹ́wọ̀n. Ní 2009, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Skọ́tlándì dájọ́ pé orin kan tí àwọn alátìlẹ́yìn Rangers kan ń kọ, tó ń sọ fún àwọn ọmọ Írẹ́lándì pé ìyàn ti tán kí wọ́n máa lọ sílé, jẹ́ orin ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ìjọba ṣe òfin pàtàkì kan lórí ìwà ìmúnibínú níbi bọ́ọ̀lù ní 2012, wọ́n sì fagi lé e ní 2018.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ọ̀rọ̀ ọkọ yín. Òfin àìkọsílẹ̀ Rangers yẹn fọ́ ní oṣù keje 1989, nígbà tí Graeme Souness, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, gba Mo Johnston, Àgùdà tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Celtic rí, tí àwọn kan fi dáná sun ìborùn Rangers wọn nítorí ìbínú. Láti ìgbà náà, Àgùdà ti di balógun ẹgbẹ́ náà, bẹ̀rẹ̀ látorí Lorenzo Amoruso ti Ítálì. Aribo àti Balogun sì wà lára àwọn tó gba líìgì fún un ní 2021 láìfìdírẹmi nínú ìdíje líìgì kankan. Nítorí náà, kò sí ohun tó ṣàjèjì nínú kí Àgùdà ará Ìbàdàn máa ṣe ti Rangers. Àmọ́ kí ó mọ̀ pé ìbéèrè tí wọ́n bi í níbi iṣẹ́ jẹ́ ọmọ ìyá “Ilé-ìwé wo lo lọ?”, bí ẹni tó bi í kò tilẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó dáhùn pé nítorí Aribo ni, kí ó sì dákẹ́. Kí ó wọ aṣọ náà lọ sí pápá. Ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ méjèèjì bá ń pàdé, kí ó má wọ̀ ọ́ lọ sí àárín ìlú, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ọtí ní Glasgow ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà pé àwọn kò gba ẹni tó bá wọ àwọ̀ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, yálà ti ewé tàbí ti búlúù.